Swede ni àbí turnip? Ojú ni kí ẹ fi rà á, ẹ má fi orúkọ rà á

Ní ìsàlẹ̀ pẹpẹ ẹ̀fọ́ ní súpámákẹ́ẹ̀tì Ìlú Ọba, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kárọ́ọ̀tì àti pòtétò, ẹ máa rí gbòǹgbò roboto kan tí orí rẹ̀ ní àwọ̀ elésè àlùkò, tí ìdí rẹ̀ sì dà bí ìyeyè tó ti ṣá. Ara rẹ̀ kì í dán. Iyẹ̀pẹ̀ sábà máa ń há sí ojú ibi tí wọ́n ti gé gbòǹgbò wẹ́wẹ́ kúrò. Swede nìyẹn. Àwọn kan a máa kọjá lára rẹ̀ bí ẹni tí kò rí i. Àwọn mìíràn a rà á lẹ́ẹ̀kan, wọ́n a sè é bí ẹni ń se iṣu, á ṣomi, ilé á máa rùn bíi kábéèjì, wọn ò sì ní rà á mọ́.

Èrò tiwa ni pé ó tó rà. Owó rẹ̀ kò wọ́n, ó ń tọ́jọ́ ju ọ̀pọ̀ ẹ̀fọ́ lọ, adùn rẹ̀ sì yàtọ̀ pátápátá sí ti pòtétò. Tí a bá máa fún un ní ìràwọ̀, odindi tí ẹ fúnra yín bẹ gba mẹ́rin nínú márùn-ún, èyí tí wọ́n ti gé sínú ọ̀rá gba méjì, èyí tí wọ́n ti tẹ̀ sínú ike gba méjì àbọ̀. Irú ohun tí swede jẹ́ ló fa ìyàtọ̀ tó pọ̀ tó báyìí, àwọn orúkọ rẹ̀ gan-an ló sì máa kọ́kọ́ tú u síta fún wa.

Orúkọ kan, ohun méjì; ohun kan, orúkọ mẹ́wàá

Ní Lọ́ńdọ̀nù àti gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, swede ni wọ́n ń pè é. Ìgékúrú ni. Swedish turnip ni wọ́n ń sọ tẹ́lẹ̀, ìyẹn turnip àwọn ará Swídìn, nítorí pé láti Swídìn ló ti wọ Skọ́tlándì ní nǹkan bí ọdún 1781. Kó tó dìgbà náà, ní 1620, Gaspard Bauhin, onímọ̀ ewéko ará Switzerland, ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó ń hù ní Swídìn. Tí ẹ bá béèrè turnip lọ́wọ́ oníṣọ́ọ̀bù ní Lọ́ńdọ̀nù, ohun mìíràn ló máa nà sí yín: gbòǹgbò kékeré tí kò ju bọ́ọ̀lù tẹníìsì lọ, èèpo rẹ̀ fẹ́lẹ́, inú rẹ̀ funfun báláú. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá dé Cornwall, ní ìpẹ̀kun gúúsù ìwọ̀ oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, swede aláwọ̀ ìyeyè yìí gan-an ni wọ́n ń pè ní turnip. Bẹ́ẹ̀ náà ni ní Áílándì àti ní ọ̀pọ̀ ibi ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní Skọ́tlándì, neep ni. Ẹ wo ìparí turnip dáadáa, ẹ máa rí neep níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ àtijọ́ kan náà ni, inú èdè Látìnì ló ti wá. Àwọn ará Wales ń pè é ní rwden.

Ní Amẹ́ríkà, rutabaga ni wọ́n ń kọ sára àmì ọjà. Láti inú ẹ̀ka èdè kan ní Swídìn ni wọ́n ti mú un: rot ni gbòǹgbò, bagge ni ohun tó ki tó sì rí gìdìgbà. Àwọn ará Swídìn fúnra wọn kì í sábà pè é bẹ́ẹ̀ mọ́. Kålrot ni wọ́n ń sọ. Ní Kánádà, ẹ máa gbọ́ rutabaga, ẹ máa gbọ́ turnip, ẹ sì máa gbọ́ yellow turnip, ohun kan náà ni gbogbo rẹ̀. Turnip tí àwọn ará Newfoundland ń sè pọ̀ mọ́ ẹran oníyọ̀ àti kábéèjì nínú Jiggs dinner wọn, swede ni.

Nítorí náà, tí ìlànà ìdáná kan bá ní kí ẹ lo turnip, ẹ kọ́kọ́ wo ibi tí ẹni tó kọ ọ́ ti wá. Pasty ti Cornwall, oúnjẹ bíi mítì páì tí wọ́n fi ìyẹ̀fun wé ẹran àti ẹ̀fọ́, ni àpẹẹrẹ tó yéni jù. Láti 2011 ni òfin ti ń dáàbò bo orúkọ Cornish pasty. Ẹran màlúù inú rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ dín ní ìdá 12.5 nínú 100, ẹ̀fọ́ inú rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ dín ní ìdá 25, pòtétò, àlùbọ́sà àti swede sì ni ẹ̀fọ́ náà. Kárọ́ọ̀tì kò sí níbẹ̀. Ará Cornwall á pè é ní turnip, ẹni tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù á gbọ́ turnip, á lọ ra èyí tó funfun. Omi pọ̀ nínú ìyẹn ju ti swede lọ, ìyẹ̀fun ìsàlẹ̀ pasty á rin, adùn tó yẹ kó jáde kò sì ní jáde.

Jámánì náà ní tirẹ̀, tí lẹ́tà díẹ̀ lè sọ ohun kan di òmíràn. Kohlrübe ni swede. Kohlrabi ni ìdí igi ẹ̀fọ́ kan tó wú lókè ilẹ̀, tí àwọ̀ rẹ̀ sábà máa ń dà bí ewé tútù, tí wọ́n lè jẹ ní tútù láìsè é. Steckrübe ni orúkọ mìíràn tí wọ́n ń lò fún swede, orúkọ yìí sì wà nínú ìtàn wọn: ìgbà òtútù 1916 sí 1917, nígbà ogun àgbáyé kìíní, tí pòtétò wọn bàjẹ́ lóko, tí ọkọ̀ ojú omi àwọn Gẹ̀ẹ́sì sì ti dí ọ̀nà tí oúnjẹ ń gbà wọlé, Steckrübenwinter ni wọ́n ń pè é títí dòní, ìgbà òtútù swede. Òun ni wọ́n fi ṣe ọbẹ̀, òun ni wọ́n pò mọ́ búrẹ́dì. Àwọn Faransé náà jẹ rutabaga àjẹsú nígbà ogun kejì. Kì í ṣe pé gbòǹgbò náà burú ló jẹ́ kí àwọn àgbà ibẹ̀ máa yínmú sí i. Ebi ló ń rán wọn létí.

Ní Nọ́wè, kålrot ni, àwọn kan sì ń pè é ní kålrabi, èyí tó tún da ọ̀rọ̀ náà rú. Lanttu ni ní Fínlándì. Chou-navet ni orúkọ kejì rẹ̀ ní Faransé.

Ẹ kíyè sí kål, Kohl àti chou. Kábéèjì ni gbogbo wọn, àwọn tó sọ ọ́ lórúkọ bẹ́ẹ̀ kò sì ṣìnà, torí pé ọmọ tí kábéèjì àti turnip jọ bí ni swede. Ní 1935, Woo Jang-choon, onímọ̀ irúgbìn tó ń ṣiṣẹ́ ní Japan, tẹ ìwádìí jáde tó ṣàlàyé bí krómósómù (fọ́nrán inú sẹ́ẹ̀lì tó ń gbé àbùdá) 20 láti ìdílé turnip àti 18 láti ìdílé kábéèjì ṣe para pọ̀ di 38 tó wà nínú Brassica napus, ìran tí swede ti jáde. Ohun tó kan ìkòkò ọbẹ̀ yín nínú gbogbo èyí ni pé ìbátan kábéèjì lẹ rà, ẹ kò ra ìbátan iṣu. Nínú 100 gíráàmù swede tútù, omi kó nǹkan bí 89. Nínú iṣu, omi kò ju nǹkan bí 70 lọ, sítáàṣì ló sì kó èyí tó pọ̀ jù nínú ìyókù. Sítáàṣì yẹn ló ń jẹ́ kí iyán fà. Ìwọ̀nba ohun tó ṣẹ́ kù nínú swede, ṣúgà àti fọ́nrán ló pọ̀ níbẹ̀.

Ohun tí ojú àti ọwọ́ máa sọ fún yín

Ẹ wo orí rẹ̀ kí ẹ tó wo àmì tí wọ́n kọ síwájú rẹ̀. Swede ní ọrùn. Lórí ọrùn yẹn, àpá ibi tí ewé ti já yí i po, ọ̀kan lórí ọ̀kan, bí àpá imọ̀ ṣe ń wà lára igi ọ̀pẹ. Turnip kò ní ọrùn. Ojú kan náà ni gbogbo ewé rẹ̀ ti jáde. Tí ewé bá ṣì wà lórí rẹ̀, ti swede máa ń jọ̀lọ̀, ó ní àwọ̀ eérú díẹ̀ bí ewé kábéèjì, ti turnip máa ń ní irun tó ń ta ọwọ́. Tí ẹ bá gé e, inú swede pọ́n bí ìyeyè, inú turnip funfun. Àwọn swede kan wà tí inú wọn funfun, ṣùgbọ́n ẹ kò ní sábà rí wọn ní súpámákẹ́ẹ̀tì.

Ẹ gbé méjì tí wọ́n tóbi bákan náà, ọ̀kan ní ọwọ́ ọ̀tún, ọ̀kan ní ọwọ́ òsì. Èyí tó wúwo jù ni kí ẹ mú. Èyí tó fúyẹ́ ti ń gbẹ nínú, ó ti ń di kànrìnkàn. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ ọrùn rẹ̀ àti ìdí rẹ̀. Kò gbọ́dọ̀ rọ̀. Ihò wẹ́wẹ́ aláwọ̀ ilẹ̀ lára èèpo, iṣẹ́ ìdin eṣinṣin kábéèjì ni. Bí ó bá jẹ́ ẹyọ kan tàbí méjì, ẹ lè gé ibẹ̀ dànù, bí ó bá pọ̀, ẹ fi sílẹ̀. Ìwọ̀n 500 sí 900 gíráàmù ni a fara mọ́ jù. Èyí tó bá ti kọjá kílò kan àbọ̀ lè ti le bí igi láàárín, pàápàá tó bá ti pẹ́ lóko.

Oṣù tí ẹ rà á ṣe pàtàkì. Oṣù Karùn-ún àti Ìkẹfà ni wọ́n ń gbìn ín ní Ìlú Ọba, ó ń gbà tó oṣù márùn-ún tàbí mẹ́fà kó tó tó wú. Òtútù ló ń mú un dùn: nígbà tí yìnyín bá ti bo ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì, ṣúgà inú rẹ̀ máa ń pọ̀ sí i. Oṣù Kọkànlá sí Oṣù Kejì ni ìgbà rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ Kérésìmesì, àwọn súpámákẹ́ẹ̀tì ńlá ibẹ̀ máa ń já owó ẹ̀fọ́ wálẹ̀ kí èrò lè wọlé, swede sì sábà máa ń wà nínú wọn, tí odindi kan á di pẹ́ńsì díẹ̀. Ẹ ra mẹ́rin márùn-ún nígbà náà.

Àbùkù kan wà tí ojú àti ọwọ́ kò lè mọ̀ lóde. Ẹ lè gé swede tó mọ́ tónítóní, kí ẹ bá inú rẹ̀ tó ti pọ́n bí omi tíì, tó sì rí bí ẹni pé omi rin ín láàárín. Boron, èròjà kan tí irúgbìn ń fà láti inú ilẹ̀, ni ilẹ̀ tí wọ́n ti gbìn ín kò ní tó. Raan ni àwọn àgbẹ̀ Skọ́tlándì kan ń pè é. Kì í pa èèyàn lára, ṣùgbọ́n ó máa ń korò, fọ́nrán rẹ̀ kì í sì í rọ̀ bó ti wù kí iná pẹ́ lábẹ́ rẹ̀. Ẹ má tiraka láti fi bọ́tà bò ó. Ẹ gbé e padà pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí ìsanwó. Àbùkù ọjà ni, kì í ṣe ẹ̀bi ẹni tó sè é.

Bí wọ́n ṣe ń tà á

Odindi tí kò ní nǹkan lára ló pọ̀ jù ní Ìlú Ọba. Òun ni a fún ní ìràwọ̀ mẹ́rin. Èyí tí a yọ kúrò jẹ́ nítorí iṣẹ́ tó wà nínú bíbẹ rẹ̀, àti nítorí raan tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ.

Ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, ìda ni wọ́n sábà máa ń fi bò ó, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe àbẹ́là ṣùgbọ́n tí wọ́n fọ̀ mọ́ fún oúnjẹ. Ẹ máa rí i tó ń dán, ó sì máa ń yọ̀ díẹ̀ lọ́wọ́. Ìda yìí ni kò jẹ́ kí omi inú rẹ̀ gbẹ, òun ló jẹ́ kó lè pẹ́ ní ilé ìkẹ́rùsí fún oṣù púpọ̀. Kò ní ba ohunkóhun jẹ́ tí ẹ bá ti mọ̀ pé ìda náà kò gbọ́dọ̀ wọ ìkòkò. Tí ẹ bá se é pẹ̀lú èèpo, ìda á yọ́, á léfòó lórí omi, á sì lẹ̀ mọ́ ìkòkò. Ọ̀bẹ ni kí ẹ fi bẹ irú èyí; ohun ìhó-èèpo tí a fi ń hó kárọ́ọ̀tì, ìda á dí i lẹ́nu kí ẹ tó dé ìdajì. Ìràwọ̀ mẹ́ta àbọ̀.

Èyí tí wọ́n ti gé sínú ọ̀rá, tí wọ́n sábà máa ń pò mọ́ kárọ́ọ̀tì, ìràwọ̀ méjì náà pọ̀ díẹ̀ fún un. Ibi tí ọ̀bẹ ti kọjá ló ti ń gbẹ, eteetí á máa funfun, òórùn kábéèjì á sì ti bẹ̀rẹ̀ nínú ọ̀rá kí ẹ tó ṣí i. Àbùkù rẹ̀ kejì ni pé bákan náà ni wọ́n ṣe gé méjèèjì, bẹ́ẹ̀ kárọ́ọ̀tì máa ń yára jinná ju swede lọ. Tí swede bá rọ̀, kárọ́ọ̀tì ti yọ́. Tí ó bá jẹ́ òun nìkan lẹ rí, ẹ ṣà wọ́n sọ́tọ̀, kí ẹ fi swede ṣáájú ní ìṣẹ́jú mẹ́jọ. Ó gba sùúrù, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gba àkókò tó odindi.

Èyí tó dì nínú fírísà sàn jù ú lọ fún ọbẹ̀, torí wọ́n ti fi omi gbígbóná bọ̀ ọ́ kó tó dì, òórùn rẹ̀ kò pọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má yan án, omi yìnyín inú rẹ̀ kò ní jẹ́ kó pọ́n. Èyí tí wọ́n ti tẹ̀ sínú ike ṣeé jẹ nígbà tí àkókò kò bá sí. Ẹ ka ohun tó wà nínú rẹ̀ lára ike: ibi tí kárọ́ọ̀tì bá ti ṣáájú swede, kárọ́ọ̀tì lẹ ń ra.

Bíbẹ rẹ̀, níbi tí ọwọ́ ti ń ṣèṣe

Kí elégédé tó gba ipò náà, irú gbòǹgbò yìí ni wọ́n ń gbẹ́ ihò sí nínú ní Áílándì àti Skọ́tlándì láti fi ṣe fìtílà Halloween. Ẹni tó bá ti fi ọ̀bẹ kan án rí á mọ irú agbára tí ìyẹn gbà. Ọ̀bẹ tó wúwo, tó mú, tí ẹnu rẹ̀ tó 20 sẹ̀ǹtímítà, ni kí ẹ lò. Ọ̀bẹ kékeré á há sí àárín, ẹ á fi ipá fà á, ibẹ̀ ló ti ń gé èèyàn.

Ẹ kọ́kọ́ gé ìdí rẹ̀ pẹlẹbẹ kó lè dúró lórí pátákó láìyí. Ẹ gé ọrùn náà dànù. Ẹ wá là á sí méjì láti òkè, kí ẹ dojú ibi tí ẹ là délẹ̀. Ẹ wo etí rẹ̀ báyìí: ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà láàárín èèpo àti ẹran inú rẹ̀, ó mọ́lẹ̀ ju ìyókù lọ, ó jìn tó mìlímítà mẹ́ta tàbí mẹ́rin sí òde. Abẹ́ ìlà yẹn ni kí ọ̀bẹ gbà. Ẹni tó bá hó o fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ nítorí kó má bàa ṣòfò fi ibi tó korò jù tó sì ní fọ́nrán jù sílẹ̀ sára rẹ̀. Lára odindi kílò kan, nǹkan bí 850 gíráàmù ló máa kù. Tí ó bá le jù fún ọwọ́ yín, ẹ fi fọ́ọ̀kì gún un káàkiri, ẹ gbé odindi rẹ̀ sínú microwave fún ìṣẹ́jú méjì tàbí mẹ́ta, ọ̀bẹ á wọlé.

Títẹ̀ rẹ̀

Èyí ni oúnjẹ tí wọ́n mọ̀ ọ́n mọ́ jù. Ní Skọ́tlándì, ní alẹ́ ọjọ́ 25 Oṣù Kìíní tí wọ́n fi ń rántí akéwì wọn Robert Burns, neep títẹ̀ àti pòtétò títẹ̀ ni wọ́n ń gbé síwájú haggis, ìyẹn ọkàn, ẹ̀dọ̀ àti fùkù àgùntàn tí wọ́n gé wẹ́wẹ́ pọ̀ mọ́ ọkà oat àti àlùbọ́sà. Ọmọ Yorùbá tó mọ adùn inú ẹran kò ní ṣàjèjì sí i.

Fún 850 gíráàmù tí ẹ ti bẹ, ẹ gé e ní sẹ̀ǹtímítà méjì méjì, kí gbogbo rẹ̀ dọ́gba. Ooru omi ni ó dáa jù kí ẹ fi sè é, bí ẹ ṣe ń se mọ́ínmọ́ín, fún ìṣẹ́jú 20 sí 25, kí omi má bàa kàn án. Tí ẹ bá máa bọ̀ ọ́, inú omi tútù oníyọ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, ṣíbí tíì iyọ̀ kan, kí omi kàn bò ó mọ́lẹ̀. Ẹ fi orí ọ̀bẹ gún èyí tó tóbi jù wò. Ó gbọ́dọ̀ wọlé, kó sì jáde láìgbé gbòǹgbò náà sókè. Bí ó bá kù díẹ̀, ẹ jẹ́ kó kù díẹ̀ lórí iná, torí kókó tó bá ṣẹ́ kù nínú swede títẹ̀ kì í ṣeé tẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tó bá ti rọ̀, ẹ sọ̀ ọ́ kánkán. Bó ṣe ń pẹ́ sí i lórí iná ni ohun inú rẹ̀ tó jẹ́ ti ìdílé kábéèjì ń tú òórùn súlúfọ̀ jáde.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe ni ohun tó kàn. Ẹ dà á sínú asẹ́, ẹ fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ dá a padà sínú ìkòkò gbígbẹ lórí iná kékeré, kí ẹ máa rò ó fún ìṣẹ́jú méjì tàbí mẹ́ta. Ẹ máa gbọ́ tó ń ta ṣàà ní ìsàlẹ̀ ìkòkò, ẹ máa rí ooru tó ń ru jáde. Nígbà tí ìró yẹn bá lọ sílẹ̀, tí ooru náà sì fẹ́lẹ́, omi ti jáde. Ẹ wá fi 50 gíráàmù bọ́tà sí i, ìdajì ṣíbí tíì ata dúdú lílọ̀, kí ẹ fi ohun ìtẹ̀ pòtétò tẹ̀ ẹ́. Ẹ má fi bùlẹ́ńdà lọ̀ ọ́; pòtétò inú bùlẹ́ńdà á lẹ̀ bí gọ́ọ̀mù, swede á ṣàn bí ògì. Mílíìkì kò yẹ níbẹ̀ rárá, omi náà ni.

Tí ẹ bá fẹ́ kó dúró dáadáa lórí àwo, ẹ ṣe bí àwọn ará Orkney, àwọn erékùṣù kan ní àríwá Skọ́tlándì: ìdajì swede, ìdajì pòtétò, àlùbọ́sà eléwé gígé. Clapshot ni wọ́n ń pè é. Sítáàṣì pòtétò ló ń di omi swede mú. Rotmos ti Swídìn fi kárọ́ọ̀tì kún un. Lanttulaatikko ti Fínlándì, tí wọ́n ń jẹ ní Kérésìmesì, fi ìpara mílíìkì, ẹyin, búrẹ́dì rírún, omi ṣúgà dúdú (syrup) díẹ̀ àti èso ariwo (nutmeg) ṣe é, wọ́n sì ń yan án lórí iná kékeré fún wákàtí méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ títí orí rẹ̀ á fi pọ́n. Nínú gbogbo wọn, òun la gbóríyìn fún jù, torí ẹyin àti búrẹ́dì náà fa omi mọ́ra.

Ẹni tó bá fẹ́ yan án nínú ààrò búrẹ́dì, digírì 200, ìṣẹ́jú 40 sí 45, ṣíbí ọbẹ̀ òróró méjì, kí wọ́n má gun ara wọn lórí. Ẹ fi iyọ̀ sí i ní ìparí. Iyọ̀ àkọ́kọ́ ń fa omi jáde. Ara rẹ̀ kò ní gbẹ gan-gan bíi ti pòtétò yíyan, ẹ má retí ìyẹn. Eteetí rẹ̀ nìkan ló máa pọ́n, inú rẹ̀ á rọ̀, á sì dùn.

Nínú ìkòkò tiwa

Ọbẹ̀ ata ló bá a mu jù. Ata rodo ń gé adùn rẹ̀ kù, adùn rẹ̀ náà sì ń gba ata lára. Ẹ gé e ní sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta, ẹ dà á sínú ọbẹ̀ ẹran màlúù nígbà tí ó ku nǹkan bí ìṣẹ́jú 30 kí ẹ sọ̀ ọ́, á mu ọbẹ̀ mọ́ra láìfọ́. Nínú àsáró, ìdajì iṣu àti ìdajì swede ló ṣeé ṣe. Swede nìkan kò ní ki, ẹ máa dúró títí, omi lẹ máa rí.

Fún ẹni tí dókítà ní kó dín oúnjẹ onísítáàṣì kù, wọ́n ń fi í ṣe òkèlè. Ẹ sè é kó rọ̀ gan-an, ẹ lọ̀ ọ́, ẹ dà á sínú aṣọ funfun, ẹ fún un títí omi kò fi ní kán mọ́. Fún 500 gíráàmù èyí tó ṣẹ́ kù, ṣíbí ọbẹ̀ kan àbọ̀ sí méjì èèpo psyllium lílọ̀ (èèpo èso kan tí fọ́nrán rẹ̀ ń fa omi mọ́ra), lórí iná kékeré, kí ẹ máa rò ó fún ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún. Á dúró, àwọ̀ rẹ̀ á dà bí ẹ̀bà elépo. Ẹ̀gúsí tí irú wà nínú rẹ̀ dáadáa ló lè gbé adùn rẹ̀. Pẹ̀lú ewédú, dídùn náà máa ń yọ lẹ́nu ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹni tó bá jẹ ẹ́ gbọ́dọ̀ mu omi dáadáa nítorí psyllium. Kàlórì 37 àti nǹkan bí 8 sí 9 gíráàmù kàbọháídíréètì ló wà nínú 100 gíráàmù swede tútù. Ti iṣu jẹ́ kàlórì 118 àti nǹkan bí 28 gíráàmù. Òkèlè ni, iyán kọ́.

Fítámì C inú rẹ̀ tó mìlígíráàmù 25 nínú 100 gíráàmù, bẹ́ẹ̀ 40 ni ìjọba Ìlú Ọba ní kí àgbàlagbà jẹ lóòjọ́. Nordens appelsin ni àwọn ará Nọ́wè ń pè é, ọsàn ilẹ̀ àríwá. Omi tí ẹ fi bọ̀ ọ́ máa ń gba díẹ̀ lára rẹ̀, ìdí kan sí i tí ooru omi fi dáa. Ẹni tí dókítà ń tọ́jú gẹ̀gẹ̀ tàbí ẹṣẹ́ ọ̀fun (thyroid) rẹ̀, kó bi dókítà kó tó máa jẹ ẹ́ lójoojúmọ́, torí ohun kan wà nínú ìdílé kábéèjì tó lè dí áyódìn lọ́wọ́. Sísè ń dín in kù. Àwọn kan sì wà tí apilẹ̀ àbùdá wọn, èyí tí wọ́n ń pè ní TAS2R38, ń jẹ́ kí ìkorò rẹ̀ le lẹ́nu wọn ju ti ẹlòmíràn lọ. Tí ọmọ yín bá ní ó korò, ó lè jẹ́ òtítọ́ ló ń sọ.

Ní ti ìpamọ́, ẹ má fọ iyẹ̀pẹ̀ ara rẹ̀. Ìsàlẹ̀ fíríìjì, nínú ọ̀rá tó ní ihò díẹ̀, á gbà á fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ó kéré tán. Èyí tí ẹ bá ti gé, ẹ wé ojú rẹ̀ dáadáa, kí ẹ lò ó láàárín ọjọ́ mẹ́rin. Tí èyí tí ẹ gbàgbé bá ti ń hu ewé lórí, gbòǹgbò náà ti ń di kànrìnkàn, ṣùgbọ́n ewé tútù yẹn ṣeé jẹ. Ẹ já a, ẹ gé e sínú ẹ̀fọ́ rírò bí ẹ ṣe ń ṣe ewé kábéèjì.